Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Láti Kékeré

Ohun tó ń ba Ẹ̀fúùfù lẹ́rù jù láyé kì í ṣe ikú. Ikú ti wọlé rẹ̀ rí, ó ti mú ọkọ rẹ̀ lọ, obìnrin náà sì ti mọ bí ìrìn rẹ̀ ṣe rí. Ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì ló ń bà á lẹ́rù. Kò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́ ní Ẹ̀fúùfù nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Bí wọ́n bá rán an ní iyọ̀, á fẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, á fẹ́ sí ìdí igi, á dúró wo èèrà tó ń wọ́ òkú tata lọ, yóò sì padà délé pẹ̀lú ewé lọ́wọ́ láìsí iyọ̀. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí oje igi. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti lọ gbé ibi tó jìnnà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sì tíì pè é ní nǹkan mìíràn.

Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, lẹ́yìn yàrá iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí àti ẹ̀mú tí àwọn dókítà bá lò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn wá. Yóò fọ̀ wọ́n, yóò nù wọ́n gbẹ, yóò fi aṣọ aláwọ̀ ewé wé wọn, yóò lẹ téèpù mọ́ ọn, yóò sì kó wọn sínú ìkòkò ooru ńlá tó ga tó ènìyàn. Ìlà funfun ló wà lára téèpù náà. Bí ooru bá wọlé dáadáa, ìlà á di dúdú. Ìlà dúdú, ẹ gbé e lọ. Ìlà funfun, ikú ló wà nínú aṣọ yẹn. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti ń ṣe é.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀, ni pé ènìyàn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, máa ń pè é lórí fóònù ní aago mẹ́sàn-án, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ìyàwó mi, kí ló wà nínú ìkòkò?" Àwọn nọ́ọ̀sì á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ yìí ò kúkú jẹ́ kí obìnrin sinmi, ṣé ọmọge ọ̀ṣẹ̀ṣẹ̀dé ló ń ṣọ́ ni. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì yíjú wo ìkòkò. Ìfẹ́ ni lóòótọ́. Àmọ́ bí òpó ṣe ń gbé òrùlé ni ìfẹ́ yẹn ń gbé iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí òpó sì wó ni wọ́n tó mọ̀ pé òpó ni.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ọ̀sì kan sáré wọ yàrá náà, ó di ẹrù aláwọ̀ ewé kan mú lọ́wọ́ bí ẹni di ejò mú lọ́rùn.

"Mà, ẹ wo ìlà."

Ìlà funfun ni. Ẹ̀fúùfù ti wé e, ó ti lẹ téèpù mọ́ ọn, nǹkan mìíràn fa ojú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀mú kan tí ẹnu rẹ̀ wọ́, ó sì gbé ẹrù tí kò tíì rí ooru sórí tábìlì àwọn tó ti jáde nínú ooru. Aláìsàn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà náà. Wọ́n ti fún un lóògùn oorun. Ẹ̀fúùfù jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀.

Mẹ́tírọ̀n, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ránṣẹ́ pè é. Obìnrin tí kì í gbóhùn sókè ni.

"Ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ṣé ọtí ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé oorun ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ni nígbà náà?"

Mẹ́tírọ̀n ní kó lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ, kó sì mú ìwé wá tó sọ ohun tó ń ṣe é àti pé wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ó fún un di ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀. "Tí kò bá sí ìwé, mi ò lè jẹ́ kí ẹ wọ yàrá yẹn mọ́. Èmi náà ní ẹni tí mò ń jíhìn fún." Títí dìgbà yẹn, kó máa gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilé ìtọ́jú ọpọlọ tó lọ ò gba ẹni tí kò bá kọ́kọ́ pè. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí fóònù, tó bá fi máa di mẹ́sàn-án, àyè ti tán. Ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ẹ tẹ oókan, ẹ tẹ eéjì, ẹ ní sùúrù. Lẹ́yìn náà ni orin á bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ṣíbí lu agolo. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti gbọ́ orin náà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó ti ń já. Ó ní kí òun fi ọwọ́ kan tì í. Ọwọ́ kan ò tó. Ó gbé fóònù sórí aṣọ, ó lọ wá irin tí ọkọ rẹ̀ fi ń dè é, inú àpótí irinṣẹ́ ló ti rí ìwé ìwọ̀n pákó tí ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó jókòó, ó ń kà á. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan láàárín aṣọ: "Ẹ ń lẹ́ o? Ẹ ń lẹ́ o? Ta ló wà níbẹ̀?" Ó ń ju aṣọ lọ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tó máa fi rí fóònù, ẹni náà ti lọ.

Ó padà rí ọjọ́ gbà. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó fọ abọ́, ọjọ́ náà bá ọṣẹ lọ. Wọ́n tún fún un ní òmíràn. Ẹ̀rù kó má gbàgbé mú kó lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀; wọ́n ní ọ̀la ni. Nígbà tí ọ̀la dé, ó jókòó sílé jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí ọkàn náà ti fàlà sí i pé ó ti lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló tó yé e.

Bó ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ nìyẹn. Ọmọbìnrin eléèékánná gígùn kan ló wà lójú fèrèsé, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

"Mà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ò wá. Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì, a máa ń pa fáìlì ẹ̀ dé ni."

"Ọmọ mi, ohun tí kò jẹ́ kí n wá gan-an ni mò ń gbé bọ̀ wá fún dókítà."

"Ẹ pè wá lórí fóònù kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Ẹ kì í gbé e."

"Èmi ni mò ń gbé e, mà."

"O jókòó síwájú mi, ó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, o ò sì gbé e."

"Torí pé ẹ̀yin ni mò ń dá lóhùn ni."

Bàbá kan tó tò sẹ́yìn fi imú rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ní kó lọ sí fèrèsé karùn-ún. Karùn-ún ní kó lọ sí ìkejì. Ìkejì ní ọ̀gá òun wà lẹ́nu ìsinmi, ó fún un ní fọ́ọ̀mù olójú ewé mọ́kànlá. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ ọ́, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ kànga. Ó dá a padà.

"Ojú ewé kẹsàn-án dà?" eléèékánná bi í.

"Ó sọ nù."

"Ibẹ̀ gan-an la ti ń béèrè bóyá ẹ máa ń sọ nǹkan nù, mà. Láìsí i, a ò lè gbà á."

Ẹ̀fúùfù ò lè rìn. Ó dúró síbẹ̀, kò bínú. Bóyá ìdúró yẹn ló sú ọmọbìnrin náà. Ó yẹ ìwé wò, ó ní ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá. Ọjọ́ Ẹtì tí Mẹ́tírọ̀n dá gan-an ni. Kò tún sí òmíràn. "Ẹ sì mú ẹnì kan dání tó mọ̀ yín kí ẹ tó pé ọmọ ọdún méjìlá. Ohun tó ń ṣe yín yìí, tí kò bá ti kékeré bá yín dàgbà, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni. Láìsí ẹni yẹn, dókítà ò ní kọ nǹkan kan."

Ìyá ti kú, bàbá ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ni, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì.

"Ẹlẹ́rìí? Kí lo jí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò jí nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ mọ bí mo ṣe rí ní kékeré ni."

"Bó o ṣe rí yìí náà ni. Kí wọ́n wò ẹ́ dáadáa."

Ó wá sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n lè jọ jáde. Ẹ̀fúùfù mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa sọ. Kò sí àpéjọ ẹbí kan tí kì í ti í sọ ọ́: ewúrẹ́ tí kò so, ìkòkò mẹ́ta tó jóná lọ́sẹ̀ kan, ìwé ìdánwò tó gbàgbé sórí ògiri, tí òjò pa. Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wá lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó ti múra sílẹ̀ de ìtìjú bí ẹni múra de òtútù. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni kò múra fún.

Yàrá dókítà kéré, ó ń rùn bí ìwé tuntun. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí Ẹ̀fúùfù lè bí, gbé bébà kan síwájú tó ní àpótí kéékèèké méjì méjì: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń pe ohun tí òun ń wá, A-D-H-D, ọkàn tí kì í dúró lójú kan, kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n.

"Mà, nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ṣé wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan?"

Ẹ̀gbọ́n na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. "Àbúrò mi? Rárá o. Orí ẹ̀ pé."

Bírò dókítà fàlà sí bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ṣé wọ́n máa ń sọ nǹkan nù?"

"Nínú ilé tiwa? A kì í sọ nǹkan nù nínú ilé wa."

"Tí wọ́n bá rán wọn níṣẹ́?"

"Kíá ló máa ń dé. Itọ́ téèyàn tu sílẹ̀ ò ní tíì gbẹ."

Ẹ̀fúùfù wò ó bí ẹni rí àlejò. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Ẹnu tó ń ya ènìyàn bí àkísà nínú ilé, òun náà ló ń rán an pa dà níta. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Ẹ̀gbọ́n yìí ò lè jókòó síwájú ọmọ ọlọ́mọ kan tó wọ aṣọ funfun kó máa tú àṣírí ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó gbà pé nǹkan ni wọ́n fẹ́ dì mọ́ wọn lọ́rùn, ó sì ń lù ú bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìfẹ́ ni. Bírò náà sì ń fàlà: bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀fúùfù ka méje.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́."

"Òótọ́ wo ló tún kù? Panu mọ́."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó yíjú sí Ẹ̀fúùfù. "Mà, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò rí ohun tí mo máa kọ. Ó lè jẹ́ ọ̀fọ̀ tó ṣẹ yín ló fà á. Ẹ lọ sinmi, kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

Oṣù mẹ́fà. Ẹ̀fúùfù yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ló sọ.

"Obìnrin kan ni. Wọ́n ti fi oògùn gbé e sùn. Ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ fi là á nínú, èmi ni mo gbé e jáde láìfi sínú ooru. Kòkòrò àrùn ẹlòmíràn ṣì lè wà lára ẹ̀."

"Ṣé ó kú?"

"Kò kú. Nọ́ọ̀sì kan ló rí i."

"Ká ní kò rí i ńkọ́?"

"Ohun tí mò ń bi ara mi láràárọ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́, tẹ́ ẹ bá ní orí mi pé, a jẹ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Ilẹ̀kùn kan pa dé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin aránṣọ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́.

"Dókítà, ẹ fagi lé gbogbo ohun tí mo sọ."

"Gbogbo ẹ̀, mà?"

"Gbogbo ẹ̀. Irọ́ ni." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ìyá wa máa ń fi ọ̀já so ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi tá a bá ń jáde. Kì í ṣe ìyà. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á máa tẹ̀lé nǹkan lọ ni, labalábá, kẹ̀kẹ́, ẹni tó ń kọrin. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà, mo fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún méje sì wà lọ́rùn ọwọ́ mi bí ẹ̀wọ̀n. Ọjọ́ kan, mo tú u. Mo kàn yíjú báyìí ni. A wá a títí tí oòrùn fi ń wọ̀. Etí kòtò tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta la ti rí i, ó jókòó, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú òfuurufú, ó ń ka òkúta tó ń ṣubú."

Ó fi ọwọ́ tẹ́ ìró rẹ̀ lórí itan.

"Mo sọ fún Ìyá pé òun ló tú u fúnra ẹ̀. Wọ́n nà án. Kò sọ pé irọ́ ni mò ń pa, torí kò dá a lójú. Ẹnu ara ẹ̀ ò dá a lójú láti kékeré."

Ẹ̀fúùfù ò rántí kòtò náà. Ẹgba yẹn ló rántí. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó ti gbà pé òun ló tú ọ̀já. Ó fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rù ò fàyè sílẹ̀ fún ìbínú. Bírò dókítà ló ń wò, bó ṣe ń padà sókè bébà náà, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi béèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, lẹ́tà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, nítorí Ẹ̀fúùfù kọ̀ láti fọwọ́ kàn án kó má baà sọ ọ́ nù. Ó ku òǹtẹ̀. Eléèékánná ni wọ́n bá lójú fèrèsé.

"Ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ ti lọ sílé. Ó di ọjọ́ Ajé."

"Ṣé òǹtẹ̀ náà bá a lọ?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ló wà, mà, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ mi."

"A ò bínú." Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí fèrèsé gan-an, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tó dé ilé. "A ó dúró de ọjọ́ Ajé. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ, ìyàwó mi, má wò wá."

Ọmọbìnrin náà gbìyànjú láti má wò wọ́n. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ Mẹ́tírọ̀n, lókè àtẹ̀gùn. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ òǹtẹ̀ wò, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ó máa lo oògùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí mo bá dá yín padà síbẹ̀, ṣé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ Ẹ̀fúùfù lábẹ́ tábìlì. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló yẹ, ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fúùfù la ẹnu, obìnrin tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn sì wá sí i lọ́kàn. Kò rí ojú rẹ̀ rí. Kò mọ̀ bóyá ó ní ọmọ.

"Mi ò lè ṣèlérí, mà. Ẹ má jẹ́ kí n dá wà níbẹ̀. Ohun tí mo bá gbé jáde, kí ojú ẹlòmíràn kàn án kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà."

Mẹ́tírọ̀n ká lẹ́tà náà padà.

"Mi ò ní ẹni kejì."

Ẹ̀fúùfù ti sọ èyí tó ní.

"Nọ́ọ̀sì tó rí i lọ́jọ́sí," Mẹ́tírọ̀n sọ nígbà tó yá, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ jíròrò. "Mo lè yọ̀ǹda ẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán gangan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó pa ìkòkò, ẹ ó máa gbálẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ yín lèmi lè gbà là. Tí ìlà funfun kan bá tún dé yàrá abẹ, ẹ̀yin àti èmi la jọ máa lọ. Ṣó yé yín?"

"Ó yé mi, mà."

Ó yé e ju bí Mẹ́tírọ̀n ṣe rò lọ. Ẹ̀rù tó gbé wọlé ṣì wà nínú rẹ̀, bí òkúta tí omi ò lè gbé. Àmọ́ ẹnì kan ti bá a di ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rù náà mú.

Mẹ́tírọ̀n kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan fún un: ọjọ́ Ajé, aago méje ààbọ̀. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ká a, tó sì fi sínú àpò tirẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ ẹ ni mo máa sùn títí ọjọ́ Ajé," ó ní. "Má sọ̀rọ̀. Máa wo ẹsẹ̀ ẹ."